Ẹni Tí Ó Ń Dín Orin Kù: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Holger Czukay, Atagìtá Báàsì Ẹgbẹ́ Can

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ Holger Czukay (1938–2017), ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ó ta gìtá báàsì nínú ẹgbẹ́ olórin Can láti ọdún 1968 sí 1977. Èrò méjì ni ó wọ́pọ̀ nípa rẹ̀. Èrò kìíní ni pé kì í ṣe ògbóǹtarìgì atagìtá, pé ẹ̀rọ nìkan ni ó mọ̀ ọ́n lò. Èrò kejì ni pé òun gan-an ni ó dá orin ẹgbẹ́ náà, nítorí pé òun ni ó ń gé téèpù. Iṣẹ́ yìí fi hàn pé èrò méjèèjì kù díẹ̀ káàtó. Ìlànà kan náà ni Czukay fi ta gìtá tí ó sì fi gé téèpù, èyí ni ìlànà yíyọ ohun tí kò pọn dandan kúrò. Ìlànà yìí so èso rere níbi tí àwọn tí ó ni ohùn inú téèpù ti wà níjokòó láti gbà tàbí láti kọ̀. Níbi tí wọn kò sí, ó gbé ìbéèrè dìde tí ó kan ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gba ohùn ẹlòmíràn sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìwádìí tàbí iṣẹ́ ọnà.

1. Ìfáárà

Nínú àwùjọ onílù dùndún, ìyáàlù ni etí ènìyàn máa ń kọ́kọ́ wá. Òun ni ó ń sọ̀rọ̀, òun ni ó ń ki ọba, òun ni ó sì ń pa òwe fún àwọn tí ó gbọ́ èdè ìlù. Bí ó ti wù kí ó rí, bí gúdúgúdú àti kẹríkẹrì bá dákẹ́ lójijì, ọ̀rọ̀ ìyáàlù kò ní rí ilẹ̀ tẹ̀. Ìlù tí ó ń tún ohun kan náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni ó ń fún èyí tí ó ń fọhùn ní àyè. Ipò tí ó jọ èyí ni gìtá báàsì wà nínú orin rọ́ọ̀kì. Gìtá olókùn mẹ́rin ni, ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó sì máa ń bá ìlù rìn ní ẹsẹ̀ kan náà. Ọ̀pọ̀ olùgbọ́ kì í rántí pé ó wà àfi ìgbà tí ó bá dákẹ́.

Ohun tí ó mú kí iṣẹ́ Holger Czukay yẹ fún àyẹ̀wò ni pé ó fi ipò ẹ̀yìn yìí ṣe ọgbọ́n tí ó gbòòrò ju orí gìtá lọ. Ẹgbẹ́ Can, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Cologne ní ọdún 1968, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì tí ó kọ ojú ọ̀nà àtijọ́ sílẹ̀ láti wá ohùn tuntun. Wọn kì í kọ orin sínú ìwé kí wọ́n tó ṣe é. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í lu ohun èlò wọn, wọ́n á máa tẹ́tí sí ara wọn fún ọ̀pọ̀ wákàtí, téèpù á sì máa yí. Lẹ́yìn náà ni Czukay yóò jókòó ti téèpù náà, tí yóò fi abẹ gé e, tí yóò sì lẹ àwọn ègé tí ó yàn pọ̀.

Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn nìyí: ṣé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni gìtá títa, tí téèpù gígé náà sì jẹ́ iṣẹ́ ọ̀tọ̀? Bí ó bá sì jẹ́ iṣẹ́ kan náà ni, ta ni ó ni orin tí ó jáde láti inú rẹ̀? Àwọn àwo orin tí iṣẹ́ yìí gbé yẹ̀ wò jùlọ ni Monster Movie (1969), Tago Mago (1971), Landed (1975) àti Saw Delight (1977), tí wọ́n jẹ́ ti ẹgbẹ́ Can, pẹ̀lú Canaxis 5 (1969) àti Movies (1979) tí Czukay ṣe lẹ́yìn odi ẹgbẹ́ náà.

2. Ìgbésí Ayé Czukay ní Ṣókí

Ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 1938 ni wọ́n bí Czukay ní ìlú Danzig, tí ó ti di Gdańsk ní orílẹ̀-èdè Pólándì lónìí. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí, wọ́n lé àwọn ará Jámánì kúrò ní àgbègbè náà, ẹbí rẹ̀ sì wà lára àwọn tí ó di aláìnílé. Nígbà tí ó di ọ̀dọ́, ó ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tí ń tún rédíò ṣe. Ibẹ̀ ni ó ti mọ inú ẹ̀rọ, ibẹ̀ náà ni etí rẹ̀ sì ti mọ àwọn ohùn àjèjì tí ń wọlé láti ọ̀nà jíjìn nígbà tí ènìyàn bá ń yí bọ́tìnnì rédíò.

Láti ọdún 1963 sí 1966, ó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Karlheinz Stockhausen, ọ̀kan nínú àwọn olórin tí ó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ oníná àti téèpù ṣe orin ní ilẹ̀ Yúróòpù. Irmin Schmidt, tí ó di atẹdùùrù ẹgbẹ́ Can, kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Stockhausen bákan náà. Lẹ́yìn èyí ni Czukay di olùkọ́ orin. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni Michael Karoli, ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n bí ní ọdún 1948. Karoli ni ó jẹ́ kí olùkọ́ rẹ̀ gbọ́ orin “I Am the Walrus” tí àwọn Beatles ṣe ní ọdún 1967. Títí di ìgbà náà, Czukay kò ka orin rọ́ọ̀kì sí ohun tí ó yẹ kí ọ̀mọ̀wé gbọ́. Orin náà, tí ó fi ohùn rédíò àti ariwo ṣe ọnà, yí ọkàn rẹ̀ padà. Òwe Yorùbá tí ó ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni wọ́n fi dá Ilẹ̀-Ifẹ̀ bá ọ̀rọ̀ yìí mu wẹ́kú.

Ní ọdún 1968, Czukay, Schmidt, Karoli àti Jaki Liebezeit, onílù tí ó ti lu jáàsì fún ọdún díẹ̀, parapọ̀. David Johnson tí ń fọn fèrè wà pẹ̀lú wọn fún ìgbà kúkúrú. Malcolm Mooney, ayàwòrán aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà, ni ó kọ́kọ́ jẹ́ olóhùn wọn. Nígbà tí Mooney padà sí ilé, Czukay àti Liebezeit rí Damo Suzuki, ọmọ ilẹ̀ Japan, tí ó ń kọrin ní òpópónà ìlú Munich ní ọdún 1970. Wọ́n pè é, ó sì bá wọn kọrin lórí ìtàgé ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an.

3. Gìtá Tí Kì í Sọ̀rọ̀ Púpọ̀

Àwọn tí ó ní Czukay kì í ṣe ògbóǹtarìgì atagìtá ní ẹ̀rí tí wọ́n dì mú. Ó ti tó ẹni ọgbọ̀n ọdún kí wọ́n tó dá ẹgbẹ́ Can sílẹ̀, kì í sì í ṣe inú orin rọ́ọ̀kì ni ó ti kọ́ṣẹ́. Ohùn tí ó ń ta kò pọ̀. Kì í sá eré ìka, kì í sì í bá gìtá Karoli díje. Bí wọ́n bá fi ojú iye ohùn wo iṣẹ́ rẹ̀, yóò dà bí ẹni pé iṣẹ́ kékeré ni ó ń ṣe.

Ṣùgbọ́n orin “Halleluhwah” nínú àwo Tago Mago fi hàn pé ojú tí wọ́n fi wò ó ni kò tọ́. Orin náà ju ìṣẹ́jú 18 lọ, ó sì gba ojú kan àwo náà tán. Ìlù Liebezeit kò yẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, gìtá báàsì sì ń tún gbólóhùn kúkúrú kan sọ léraléra. Lórí ìpìlẹ̀ yìí ni ohùn Suzuki, gìtá Karoli àti dùùrù Schmidt ti ń wọlé tí wọ́n sì ń jáde bí àlejò nínú ilé tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Bí Czukay bá ti fi ohùn púpọ̀ kún àyè náà, kò ní sí ibi tí àlejò yóò jókòó sí. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì yìí ni agbára rẹ̀.

Àtúnsọ yìí kì í ṣe ti aláìmọ̀kan. Ẹni tí ó bá tún gbólóhùn kan sọ fún ìṣẹ́jú 18 láìjẹ́ kí ó sú olùgbọ́ ní láti máa yí ìtẹ̀sí ọwọ́ rẹ̀ padà. Ó lè fi ohùn kan falẹ̀ díẹ̀, ó sì lè fò ó kọjá kí ìlù nìkan dún. Nínú ìdákẹ́jẹ́ kékeré wọ̀nyí ni etí ti ń rí ohun tuntun. Àtúnsọ tí ó ń yí padà díẹ̀díẹ̀ ni ó gbé orin náà ró, gẹ́gẹ́ bí àwítúnwí ṣe ń gbé ewì alohùn ró láìjẹ́ pé akéwì kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu.

4. Abẹ àti Téèpù

Ọgbọ́n kan náà ni ó hàn nínú téèpù gígé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, inú ilé ńlá àtijọ́ kan ní Nörvenich, ní ẹ̀bá Cologne, ni ẹgbẹ́ náà ti ń gba ohùn sílẹ̀. Ní ọdún 1971, wọ́n kó lọ sí ilé sinimá àtijọ́ kan ní Weilerswist, wọ́n sì sọ ọ́ ní Inner Space. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò nígbà náà kò ju olójú ọ̀nà méjì lọ. Ìtumọ̀ èyí ni pé gbogbo ohùn máa ń wọ téèpù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹnìkan bá ṣàṣìṣe, kò sí bí wọ́n ṣe lè yọ ohùn tirẹ̀ nìkan kúrò. Ohun kan ṣoṣo tí ó ṣeé ṣe ni kí wọ́n gé gbogbo rẹ̀ kúrò ní ojú kan, kí wọ́n sì so èyí tí ó ṣáájú mọ́ èyí tí ó tẹ̀lé e.

Báyìí ni wọ́n ṣe rí “Yoo Doo Right”, orin tí ó gba ìṣẹ́jú bíi 20 nínú Monster Movie. Ohun tí wọ́n lù ní ọjọ́ náà gùn ju èyí lọ fíìfíì. Czukay ni ó yan ohun tí yóò kù. Ó tún ní àṣà mìíràn tí ó so èso: nígbà tí àwọn yòókù bá rò pé iṣẹ́ ti dúró, tí wọ́n kàn ń fi ohun èlò wọn ṣeré títí ẹ̀rọ yóò fi ṣe tán, yóò jẹ́ kí téèpù máa yí. Díẹ̀ lára ohùn tí wọn kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń gbà sílẹ̀ wọ inú Tago Mago.

Bí wọ́n bá gbé gìtá àti abẹ wò pọ̀, ìjọra wọn hàn kedere. Atagìtá tí ó fi àyè sílẹ̀ nínú orin ń yọ ohùn kúrò kí ó tó dún. Ẹni tí ó ń gé téèpù ń yọ ohùn kúrò lẹ́yìn tí ó ti dún. Ìbéèrè kan náà ni ọwọ́ méjèèjì ń bi etí: bí èyí kò bá sí, ṣé orin yóò dúró? Nítorí náà, kò tọ̀nà láti sọ pé Czukay jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó kàn gbé gìtá dání. Inú gìtá ni ó ti ń gé orin kí abẹ tó kan téèpù.

5. Ta ni Ó Ni Orin?

Níbi yìí ni èrò kejì ti wọlé. Bí ó bá jẹ́ pé Czukay ni ó yan ohun tí ayé gbọ́, ṣé kì í ṣe òun ni ó dá orin náà? Ẹgbẹ́ Can fúnra wọn dáhùn ìbéèrè yìí nípa bí wọ́n ṣe kọ orúkọ sí ara àwo. Gbogbo ẹgbẹ́ lápapọ̀ ni wọ́n kọ orin wọn mọ́. Kò sí ẹni tí wọ́n ya orúkọ tirẹ̀ sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí òǹkọrin. Ìpinnu yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, nítorí pé orúkọ ara àwo ni owó ń tẹ̀lé. Nígbà tí “Spoon”, tí wọ́n fi ṣe orin àkọ́kọ́ eré orí tẹlifíṣọ̀n Das Messer, dé ipò 6 nínú àwọn orin tí ó tà jùlọ ní Jámánì, gbogbo wọn ni ó jẹ èrè rẹ̀. Orin náà wà nínú Ege Bamyasi (1972), àwo tí wọ́n ya agolo ilá sí ara rẹ̀, tí àkọlé rẹ̀ sì jẹ́ èdè Tọ́kì fún ilá ẹkùn òkun Ejéánì.

Ẹ̀rí mìíràn dé ní ọ̀rúndún yìí. Láti ọdún 2021, wọ́n ti ń gbé àwọn àwo jáde nínú èyí tí Can ti ń ṣeré níwájú èrò ní àwọn ọdún 1970. Live in Stuttgart 1975 ni ó ṣáájú wọn. Lórí ìtàgé, kò sí abẹ. Síbẹ̀ orin náà gùn, ó ń yí padà, ó sì dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé téèpù gígé nìkan ni ó ń sọ ariwo wọn di orin, ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí ìtàgé ìbá tú ká. Kò tú ká, nítorí pé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń gé orin bí wọ́n ṣe ń lù ú. Olúkúlùkù mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dákẹ́ fún ẹnìkejì.

The Lost Tapes, tí ó jáde ní ọdún 2012, fi kún ẹ̀rí yìí. Àwọn téèpù tí ó ṣẹ́kù nínú ilé ìgbohùnsílẹ̀ ni Schmidt àti Jono Podmore ṣà jọ sínú àwo náà. Ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó yàn án, orin ẹgbẹ́ Can sì ni títí di òní. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Iṣẹ́ ẹni tí ó ń gé téèpù ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ènìyàn fi sílẹ̀ níwájú rẹ̀ ni ó ń gé.

6. Láti Orí Gìtá dé Orí Rédíò

Ní ọdún 1975, nígbà tí wọ́n ń ṣe Landed, ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ olójú ọ̀nà 16. Láti ìgbà náà, ó ṣeé ṣe kí olúkúlùkù wá ní àkókò tirẹ̀, kí ó ṣe apá tirẹ̀, kí ó sì tún un ṣe títí yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò pe èyí ní ìlọsíwájú. Fún ẹgbẹ́ tí ọgbọ́n rẹ̀ dúró lórí kí gbogbo ènìyàn máa gbọ́ ara wọn lójú ẹsẹ̀, àdánù ni. Àyè tí ẹnìkan ń fi sílẹ̀ fún ẹnìkejì kò ní ìtumọ̀ mọ́ nígbà tí ẹnìkejì kò sí nínú yàrá. Àwọn àwo tí ó tẹ̀lé e mọ́ tónítóní ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n orin tí ń bí ara rẹ̀ lójú olùgbọ́ kò sí nínú wọn tó bí ó ti wà tẹ́lẹ̀.

Ní ọdún 1977, Rosko Gee, ọmọ ilẹ̀ Jàmáíkà, àti Rebop Kwaku Baah, ọmọ ilẹ̀ Gánà, dara pọ̀ mọ́ wọn. Àwọn méjèèjì ti wà nínú ẹgbẹ́ Traffic ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Gee jẹ́ atagìtá báàsì tí ọwọ́ rẹ̀ yá gan-an. Czukay gbé gìtá báàsì fún un. Nínú Saw Delight, rédíò ìgbì kúkúrú, téèpù àti tẹlifóònù ni Czukay ń lò gẹ́gẹ́ bí ohun èlò orin. Ọ̀nà tuntun yìí kò bá ẹgbẹ́ náà lára mu, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ ní ọdún náà.

Àwọn kan ka èyí sí ìgbà tí Czukay kọ iṣẹ́ atagìtá sílẹ̀. Ẹ̀rí kò gbè wọ́n. Nígbà tí àwo tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Can jáde ní ọdún 1979, Czukay kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ mọ́, síbẹ̀ òun ni wọ́n gbé téèpù rẹ̀ fún láti gé. Ní ọdún 1982, nínú Full Circle, ó tún jókòó ti atagìtá báàsì mìíràn, Jah Wobble, pẹ̀lú Liebezeit lórí ìlù. Nínú Brilliant Trees ti David Sylvian (1984), ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba ọ̀rọ̀ ọ̀gá sílẹ̀ fún akọ̀wé ọ́fíìsì ni ó fi ṣe ohun èlò orin. Ohun tí ó yí padà ni irin iṣẹ́. Ipò ẹni tí ń ti ẹ̀yìn yan ohun tí yóò dún kò yí padà.

7. Ohùn Àwọn Tí Kò Sí Níjokòó

Bí ìlànà Czukay ṣe dára tó nínú ẹgbẹ́, ó ní ibi tí ó ti ń ṣe ènìyàn ní kàyéfì. Ní ọdún 1969, òun àti Rolf Dammers ṣe Canaxis 5. Nínú “Boat-Woman-Song”, wọ́n mú ohùn àwọn obìnrin Vietnam láti inú ohun tí ẹlòmíràn ti gbà sílẹ̀, wọ́n sì gbé e sórí téèpù tí wọ́n so orí rẹ̀ mọ́ ìdí, tí ó ń yí láìdáwọ́dúró. Ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, nínú “Persian Love” tí ó wà nínú Movies, ó gba ohùn àwọn akọrin ilẹ̀ Iran láti inú rédíò, ó sì ta gìtá tí ó gbè é.

Kò sí àní-àní pé orin méjèèjì dùn. Nínú “Persian Love” pàápàá, Czukay kò fi ohùn tirẹ̀ bo ti akọrin mọ́lẹ̀. Ó ṣe fún ohùn rédíò náà gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe fún Suzuki: ó fi àyè sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí adùn kò lè bò. Suzuki wà nínú yàrá. Ó lè sọ pé kí wọ́n má gé ibi kan, orúkọ rẹ̀ wà lára àwo, ó sì ní ìpín nínú èrè. Akọrin tí ohùn rẹ̀ gba ojú sánmà wọlé kò mọ̀ pé wọ́n mú ohùn òun. Orúkọ tí ayé mọ mọ́ orin náà ni ti ẹni tí ó gé e. Nínú ẹgbẹ́ Can, àpapọ̀ ni ohun ìní. Lẹ́yìn odi ẹgbẹ́ náà, òfin yẹn kò tẹ̀lé e jáde.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ìran Yorùbá ní tààrà. Ní ọdún 1981, Brian Eno àti David Byrne gbé àwo kan jáde tí ó fi ohùn inú rédíò àti ohùn akọrin ilẹ̀ òkèèrè sórí ìlù, ọ̀nà tí Czukay ti tọ̀ ṣáájú wọn. My Life in the Bush of Ghosts ni wọ́n pè é, àkọlé ìwé ìtàn-àròsọ tí Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, gbé jáde ní ọdún 1954. Orin kan nínú àwo náà lo ohùn àwọn tí ń ké Àlùkùránì. Nígbà tí ẹgbẹ́ Mùsùlùmí kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ẹ̀hónú hàn, wọ́n yọ orin náà kúrò nínú àwọn ẹ̀dà tí ó tẹ̀lé e. Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí fi hàn pé ohùn tí ó wọlé láti inú afẹ́fẹ́ ní olówó, olówó náà sì lè dé láti béèrè.

8. Àmúlò fún Olùkọ́ àti Akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni iṣẹ́ Czukay fún àwọn tí ń múra láti di olùkọ́. Ẹ̀kọ́ kìíní ni ti olùkọ́ tí ó gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Bí Czukay bá ti fi ipò olùkọ́ pa Karoli lẹ́nu mọ́, bóyá ni ẹgbẹ́ Can ìbá wà. Olùkọ́ tí ó bá gbọ́ orin tí ọmọ kíláàsì rẹ̀ fẹ́ràn kò dín iyì ara rẹ̀ kù.

Ẹ̀kọ́ kejì ni ti ìdíwọ̀n. Nínú kíláàsì orin tàbí ti eré oníṣe, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń lu omele kì í sábà gba máàkì tí ó tó ti ẹni tí ó ń lu ìyáàlù. Olùkọ́ tí ó bá ń ka iye ohùn yóò fún ẹni tí ó pariwo jùlọ ní máàkì tí ó pọ̀ jùlọ. “Halleluhwah” ń kọ́ni pé ó yẹ kí ìdíwọ̀n béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ náà bí ẹni kọ̀ọ̀kan bá dákẹ́.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni ó wúwo jù. Lọ́dọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ lọ bá oníjàálá, onírárà àti àwọn tí ń sun ẹkún ìyàwó. Wọ́n á gba ohùn wọn, wọ́n á dà á kọ, wọ́n á gé e sí ibi tí ó bá àlàyé wọn mu, wọn yóò sì fi gba oyè. Orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò wà lẹ́yìn ìwé. Bí orúkọ apohùn náà bá farahàn rárá, ìsàlẹ̀ ìwé ni ó sábà máa ń wà. Iṣẹ́ yíyàn àti gígé jẹ́ iṣẹ́ gidi, ó sì yẹ fún oyè. Kò sọ ẹni tí ó ṣe é di olówó ohùn. Ìlànà tí ẹgbẹ́ Can lò láàrin ara wọn ni ó yẹ kí olùwádìí mú lọ sí oko ìwádìí: kí apohùn mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ohùn òun ṣe, kí ó ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀, kí orúkọ rẹ̀ sì wà níbi tí ojú ti lè rí i.

9. Ìkádìí

Czukay kú ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017 ní Weilerswist, nínú ilé sinimá àtijọ́ tí ó ti jẹ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ ẹgbẹ́ Can, tí ó sì ti di ibùgbé rẹ̀. Liebezeit ti ṣáájú rẹ̀ lọ ní oṣù Kìíní ọdún náà. Karoli kú ní ọdún 2001, Suzuki sì kú ní ọdún 2024.

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé kò yẹ kí wọ́n pín Czukay sí méjì, kí wọ́n fi atagìtá sí apá kan, kí wọ́n sì fi onítéèpù sí apá kejì. Ìlànà kan ni ó ní, èyí ni dídín ohun tí ó wà kù títí èyí tí ó ṣẹ́kù yóò fi lè dá dúró. Iṣẹ́ yìí sì ti fi hàn pé ìlànà náà kò lè dá orin láìsí àwọn tí ohùn wọn wà nínú téèpù. Nínú yàrá tí gbogbo wọn wà, tí ẹnu wọn jọ dọ́gba, ìlànà náà bí díẹ̀ lára orin rọ́ọ̀kì tí ó dára jùlọ ní àkókò rẹ̀. Ní ti obìnrin Vietnam tí kò sí nínú yàrá náà, orin náà ṣì ń dún, gbèsè náà sì ṣì wà nílẹ̀.